Ìwé Tí Wọ́n Pín Bí Ẹja

"Ìwé náà dà, Bàbá?"

Bàbá Olówòkéré na ọwọ́ sí òkè àjà, ó fa ọ̀rá kan yọ, ó tú u, ó sì kó ìwọ̀nba ewé mélòó kan lé Tíṣà Ìyábọ̀dé lọ́wọ́. Èèpo iwájú wà níbẹ̀, ti ẹ̀yìn kò sí. Ibi tí ìtàn ti ń dùn bọ̀ ni ewé ti tán. Etí ibi tí wọ́n ti gé e mọ́ tónítóní, torí ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń la ẹja ni wọ́n fi gé e.

"Èyí tó kù ńkọ́?"

"Ó wà lọ́wọ́ àwọn onípìn-ín." Ohùn bàbá dà bí ohùn ẹni tó ń retí ìyìn. "A pín in dáadáa, ọma mi. Kò sẹ́ni tó bínú."

Tíṣà jókòó pẹ̀ẹ́ sórí pákó ilé, níbi tí èèyàn ti lè rí omi tó ń ṣàn lábẹ́ ilé láàárín pákó sí pákó, ó sì ká ọwọ́ lérí. Yéè! Ìwé láíbìrì! Ìwé ìjọba! Òní gan-an sì ni ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ dá a padà.

Kí ẹnikẹ́ni tó dá bàbá lẹ́bi, ó yẹ kó mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́. Ìyábọ̀dé kì í ṣe ọmọ Ìlàjẹ. Ìbòkun ni wọ́n ti bí i, lórí ilẹ̀ gbígbẹ, níbi tí èèyàn ti lè rìn láti àárọ̀ dalẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má kan omi. Ìjọba ló gbé e wá sí Zion Pepe, abúlé orí omi, pé kó wá máa kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, lásìkò tí iná gáàsì àwọn elépo ti ń jó lójú òkun tọ̀sán-tòru, tí owó epo ń gba iwájú ilé àwọn èèyàn kọjá, tí kò sì yà kí wọn. Owó oṣù tíṣà kì í tètè dé. Tó bá sì dé, gààrí àti owó ọkọ̀ ni wọ́n jọ ń pín in. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìwé kíkà ni ayọ̀ obìnrin náà. Àwọn kan ń fín áásà, àwọn kan ń ta ayò. Ní tirẹ̀, ọ̀sẹ̀ tí kò bá rí ìtàn kà, kò sẹ́ni tó lè bá a gbé. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ fi owó ọbẹ̀ ra ìwé ìtàn?

Ilé ìkàwé ìjọba tó wà ní Ìgbókọ̀dá ló kó o yọ. Ọ̀fẹ́ ni! Káàdì kan, ìwé kan, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Tó bá wọkọ̀ lọ sọ́jà, á ra gààrí, á yáwé, á sì fi ọ̀rá wé ìwé náà ju bó ṣe wé gààrí lọ. Kò sì ṣahun rẹ̀. Tí òun bá ti kà á tán, á kà á sókè fún àwọn àgbàlagbà tó ń kọ́ ní mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà lọ́sàn-án Sátidé. Wọ́n á máa pòṣé, wọ́n á máa bá opó tàbí ọmọ òrukàn inú ìtàn ṣépè fún àwọn tó ń jẹ wọ́n níyà, títí ó fi di ọjọ́ kan tí wọ́n ní ó tó gẹ́ẹ́, àwọn náà fẹ́ fojú ara àwọn kà á.

Lọ́tẹ̀ yìí, ìtàn opó kan tí àbúrò ọkọ rẹ̀ fẹ́ gba oko kòkó lọ́wọ́ rẹ̀ ni Tíṣà yá. Kò tíì kà á dé ìdajì tí wọ́n fi pè é lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn olùkọ́ ní Àkúrẹ́. Ó wá fi ìwé náà sọ́wọ́ Bàbá Olówòkéré, ọ̀gá àwọn tó ń fa àwọ̀n ńlá, òun náà sì wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Sátidé. Gbólóhùn tó fi sílẹ̀ kò gùn: "Bàbá, ti gbogbo yín ni o. Ẹ rí i pé ó kárí."

Ó sì kárí. Ẹni tó bá ti fọwọ́ kan okùn àwọ̀n ní Zion Pepe, dandan ni kó gba ìpín nínú ẹja, ìbáà jẹ́ àlejò tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n sì ń pín in, ìpín kì í di ọ̀la. Láti ìgbà tí irun Bàbá Olówòkéré ti dúdú ló ti ń pín ẹja, wọn ò sì bá a jà rí. Ó wo ìwé, ó wo àwọn tó fẹ́ kà á, ó mú ọ̀bẹ.

"Bàbá," ni Ìyábọ̀dé wí, omi ti ń lé ròrò lójú rẹ̀, "ìwé kì í ṣe ẹja."

"Ṣé mi ò mọ̀ ni?" Bàbá wò ó tìyanutìyanu. "Àmọ́ bí ẹnìkan bá dì í mú, kí ni àwọn tó kù á máa ṣe? Kí wọ́n máa wo ẹnu rẹ̀? Èmi àgbà ni mo mú orí, ó wà lọ́wọ́ ẹ yẹn."

Ìyábọ̀dé fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó fẹ́ sunkún, kò mọ èyí tí ì bá ṣe. Ọ̀gbẹ́ni Ajíbóyè, ọ̀gá ilé ìkàwé, kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń bá ṣeré. Nígbà kan tí òjò pa ìwé kan lórí omi, ọkùnrin náà ti fi ìka kìlọ̀ fún un: "Ẹ̀yin ará inú omi yìí! Bí òmíràn bá tún bàjẹ́, tàbí tó pẹ́ lọ́jọ́ kan péré, màá gba káàdì, ọdún kan gbáko lẹ ò sì ní yáwé níbí mọ́." Ọdún kan! Ó ro Sátidé lẹ́yìn Sátidé láìsí ìtàn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣe tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́ nínú ìwé kíkà ni. Tí ìwé bá dá lójú wọn lọ́dún kan, gbogbo ohun tí wọ́n ti mọ̀ á wọmi. Ó sì ro ti ara rẹ̀ náà, nínú yàrá kékeré, pẹ̀lú ìró omi nìkan.

Ó dìde. "Ta ni àwọn onípìn-ín? Ẹ gbé àjẹ̀, Bàbá. Ọkọ̀ Akínbọ̀dé kò ní pẹ́ gbéra, òun nìkan ló sì ń lọ sí Ìgbókọ̀dá lónìí."

Ọ̀dọ̀ Olúrẹ̀mí tó ń ta bẹntiróòlù ni wọ́n kọ́kọ́ wà á lọ. Ìpín tirẹ̀ wà nínú agolo kan tó gbẹ, ó fi aṣọ wé e. Láti ibẹ̀ wọ́n lọ sí ọ̀dọ̀ Jọọlá, ọ̀dọ́bìnrin tó ń tún àwọ̀n ṣe, òun ni ìpín kẹta wà lọ́wọ́ rẹ̀. Olúrẹ̀mí ti tẹ̀ lé wọn, ṣùgbọ́n kò kí Jọọlá. Jọọlá náà kò kí i.

"Kí ló dé?" ni Tíṣà bi wọ́n.

"Ẹ bi í," ni Jọọlá wí. "Ó ní èèyàn dáadáa ni àbúrò ọkọ opó yẹn."

"Èèyàn dáadáa ni! Ó san owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ opó náà, mo kà á."

"Nínú ìpín tìrẹ nìyẹn! Wá ka tèmi, kí o rí olè."

Ìyábọ̀dé gbá orí mú. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń sọ ìyọnu rẹ̀ fún Jọọlá, ọmọbìnrin náà ti ń wá abẹ́rẹ́ àwọ̀n tó tín-ín-rín jù àti òwú tó fẹ́lẹ́ jù nínú agbọ̀n rẹ̀. "Ẹ fọkàn balẹ̀, Tíṣà. Ohun tó bá ya, ó ṣe é rán." Ó bọ́ sínú ọkọ̀ pẹ̀lú wọn.

Ó ku ìpín kan, èyí tí ìparí ìtàn wà nínú rẹ̀. Ọwọ́ Màmá Rhoda ló wà.

Màmá Rhoda jókòó síwájú ààrò tó fi ń yan ẹja, ó kẹ̀yìn sí èéfín, ó tẹ́ ìpín tirẹ̀ sórí itan. Nínú gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ Sátidé, òun ló kẹ́yìn láti mọ A yàtọ̀ sí B. Kò gbójú sókè nígbà tí wọ́n kí i. Ìka rẹ̀ tí èéfín ti sọ dúdú ń fà díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ọ̀rọ̀, ètè rẹ̀ sì ń lọ.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú un wá. Ọkọ̀ ti fẹ́ lọ."

"Ó ku ewé kan."

"Màmá mi, màá kà á sókè fún yín nínú ọkọ̀. Kíákíá ni."

Ìyá náà wá gbójú sókè. "Tíṣà, láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, èèyàn ló ń kàwé fún mi. Lẹ́tà tí ọkọ mi ń kọ láti Wàrì, èèyàn ló ń kà á fún mi. Lẹ́tà tó sọ pé ó ti kú, èèyàn ló kà á fún mi, gbogbo ilé sì ti gbọ́ kí n tó gbọ́. Ewé kan yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀ fún mi."

Akínbọ̀dé ti ń fa ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀ ní èbúté, ó ń dún, ó ń kú. Ọwọ́ Ìyábọ̀dé ti nà dé etí ìwé. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ìyá rẹ̀ ní Ìbòkun a máa wí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ kò bá ọkọ̀ ojú omi sáré rí láyé. Tó bá já a gbà, ó lè bá ọkọ̀. Tó bá já a gbà, kí ló wá ń kọ́ wọn láti ọjọ́ yìí? Ó fa ọwọ́ rẹ̀ padà, ó wá àpótí kan jókòó lé.

"Ẹ máa kà á, Màmá."

Màmá Rhoda kò mọ ìwé kà sínú. Ó kà á sókè, ọ̀rọ̀ kan, ó dúró, ọ̀rọ̀ mìíràn. Opó dúró níwájú adájọ́. Àbúrò ọkọ náà dúró, ó wọ agbádá. Akínbọ̀dé já wọlé, ó ń pariwo pé, "Tíṣà, ṣé ẹ ò lọ mọ́ ni, àwọn èrò ń bú mi o!" Ó rí bí gbogbo wọn ṣe dákẹ́, ó sì dákẹ́. Ó gbọ́ díẹ̀.

"Kí ló ṣe obìnrin yẹn?" ló rọra bi Jọọlá.

"Wọ́n fẹ́ gba oko rẹ̀."

"Ta ló fẹ́ gbà á?"

"Ẹ jẹ́ ká gbọ́!" ni Bàbá Olówòkéré jágbe.

Àwọn èrò tó wá pe Akínbọ̀dé náà kò padà. Wọ́n dúró lórí afárá pákó níwájú ilé, ẹni kan gbé adìyẹ dání, wọ́n na ọrùn. Màmá Rhoda kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni wà níbẹ̀. Òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀.

"Adá... adájọ́... ní kí... opó náà... máa... lọ... sí oko rẹ̀."

Ariwo ta! Adìyẹ bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó gbé e. Jọọlá yíjú sí Olúrẹ̀mí. "O gbọ́ àbí o ò gbọ́?" Olúrẹ̀mí fi ọwọ́ nu ẹnu. "Mo gbọ́. Olè ni." Ó sì kí i nígbà náà.

Màmá Rhoda yí ewé náà sódì, ó wò ó bóyá ó kù. Kò kù. "Ó tán," ló wí. Ó tún wò ó. "Tíṣà, mo kà á tán." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ń sọ pé èéfín ni. Kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́. Ìyábọ̀dé dì mọ́ ọn, ẹja yíyan ń ta sánsán lára àwọn méjèèjì, inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé ọkọ̀, ó gbàgbé Ọ̀gbẹ́ni Ajíbóyè, fún ìṣẹ́jú kan.

Nígbà tó rántí, tó sì sáré bọ́ sínú ọkọ̀ Akínbọ̀dé, ó rí i pé àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti wọlé tẹ̀ lé òun.

"Níbo lẹ̀yin ń lọ?"

Bàbá Olówòkéré ti jókòó, ó fi fìlà bo orúnkún. "Bí a bá yá àwọ̀n, tó ya, ṣé ẹnìkan ṣoṣo ló ń lọ bẹ ẹni tó ni ín ni? Ẹni tó bá ti jẹ nínú ẹja rẹ̀ ló ń lọ. Bí a ṣe ń ṣe é níbí nìyẹn."

Akínbọ̀dé sá eré lórí omi lọ́jọ́ náà bí ẹni tí wọ́n ń lé. Jọọlá tẹ orí ba láàárín ọkọ̀, ó ń rán ìwé, Tíṣà bá a di ewé mú kó má fò. Ní ojú ibi tí omi ti fẹ̀, ọkọ̀ ńlá kan tó ń kó àwọn òṣìṣẹ́ elépo kọjá, ìgbì rẹ̀ sì ru lé wọn lórí. Kò sẹ́ni tó wo ẹrù ara rẹ̀. Gbogbo wọn ló da ara bo ìwé. Omi gbá fìlà Olúrẹ̀mí lọ, gààrí ẹnìkan rin, ọ̀rọ̀ ìbínú sì pọ̀ fún àwọn elépo, ṣùgbọ́n ìwé gbẹ.

Ọ̀gbẹ́ni Ajíbóyè ti mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n wọlé, wọ́n ń mí gúlegúle. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga díẹ̀ ṣì wà nídìí tábìlì, wọ́n ń kó ìwé wọn jọ.

"Òní ni, ọ̀gá," ni Ìyábọ̀dé wí. "Òní ò tíì tán."

Ọkùnrin náà gba ìwé, ó gbé dígí sójú. Ó ṣí i. Ó pa á dé. Ó tún ṣí i. "Kí ni mò ń wò yìí?"

Bàbá Olówòkéré ṣí fìlà, ó tẹríba. "Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọ̀n yín ló ya lọ́wọ́ wa. A jẹ nínú ẹja rẹ̀, a ti rán an, a wá bẹ̀ yín."

"Àwọ̀n wo?"

Ìyábọ̀dé ṣàlàyé, kò fi nǹkan kan pa mọ́. Ọ̀gbẹ́ni Ajíbóyè gbọ́ ọ dópin. Ó fa òwú ìwé náà wò, kò mì. "Ẹ rán an dáadáa," ló wí. "Ó tiẹ̀ le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ fi ọ̀bẹ gé ìwé ìjọba, Tíṣà. Mo ti kìlọ̀ fún yín." Ó na ọwọ́. Ìyábọ̀dé fi káàdì lé e lọ́wọ́, ó sì rí i bó ṣe wọ inú dúrọ́ọ̀ tábìlì.

Ó parí nìyẹn. Ó dùn ún wọra. Ó wo àwọn pẹpẹ ìwé, ìlà lẹ́yìn ìlà, gbogbo ìtàn tí kò tíì kà, ó sì ń wá bí òun ṣe máa yíjú sí àwọn tó tẹ̀ lé òun wá.

"Ẹ... dá... kẹ́!"

Gbogbo ilé ìkàwé fò sókè. Màmá Rhoda ló dúró níwájú ògiri, ó na ìka sí ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. "Ẹ dákẹ́ jẹ́ẹ́! Ohun tí wọ́n kọ nìyẹn, àbí irọ́ ni mo pa?"

"Òun ni, Màmá," ni Ọ̀gbẹ́ni Ajíbóyè wí, "ẹ jọ̀ọ́, ohun tó wí ni kí ẹ—"

Ṣùgbọ́n ìyá náà ti kọjá lọ sí ìkéde kejì lára ògiri, ohùn rẹ̀ kò sì rẹlẹ̀. "Ẹni... kẹ́ni... tó bá ń gbé... ní ìjọba... ìbílẹ̀ yìí... lè gba... káàdì." Ó dúró. Ó padà, ó tún un kà kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ètè rẹ̀ ń lọ. Ó wá yíjú. "Ẹnikẹ́ni. Ṣé ará inú omi wà nínú ẹnikẹ́ni?"

Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń fọwọ́ bo ẹnu. Ọ̀gbẹ́ni Ajíbóyè wo ìkéde náà bí ẹni tí kò rí i rí, bẹ́ẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ló lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.

"Ó wà níbẹ̀, Màmá."

"Ẹ fún mi ní tèmi."

"Àti tèmi," ni Bàbá Olówòkéré wí. Jọọlá àti Olúrẹ̀mí ti sún mọ́ tábìlì.

"Òṣìṣẹ́ ìjọba kan gbọ́dọ̀ dúró fún yín, kó buwọ́ lu fọ́ọ̀mù."

Gbogbo ojú wá sára Ìyábọ̀dé. "Ọ̀gá, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba káàdì mi ni."

Ọ̀gbẹ́ni Ajíbóyè bọ́ dígí ojú rẹ̀. "Òfin ní kí ẹni tó bá bàwé jẹ́ má yáwé," ló wí jẹ́jẹ́. "Mo ti ka òfin náà láìmọye ìgbà. Mi ò rí i níbẹ̀ pé kò gbọdọ̀ dúró fún èèyàn." Láti ìgbà tí Ìyábọ̀dé ti mọ̀ ọ́n, ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ rí i tí ẹ̀rín bọ́ sí i lẹ́nu. Ọkùnrin náà fi kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì, ó fa àga, ó jókòó. "Ẹ wá buwọ́ lù ú kí ilẹ̀ tó ṣú."

Tíṣà buwọ́ lù ú fún Bàbá, ó buwọ́ lù ú fún Olúrẹ̀mí, fún Jọọlá, fún Màmá Rhoda. Wọ́n tú sáàárín àwọn pẹpẹ bí ẹni wọ ọjà, wọ́n ń gbé ìwé, wọ́n ń wọ̀n ọ́n lọ́wọ́. Bàbá Olówòkéré mú èyí tó sanra jù.

"Bàbá," ni Ọ̀gbẹ́ni Ajíbóyè wí, "ẹ ò ní pín in o."

"Kí la fẹ́ pín sí? Ṣé ẹ ò rí i pé olúkúlùkù ti ní tirẹ̀?"

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí Akínbọ̀dé darí ọkọ̀ sílé. Òun kò sáré mọ́. Àwọn èrò ti ní kó rọra, ojú ìwé ń fò. Ìyábọ̀dé jókòó láàárín wọn. Ó na ọwọ́ sí ìwé tó wà lórí itan Màmá Rhoda, ó kàn fẹ́ wo orúkọ rẹ̀ ni.

Màmá Rhoda yí èjìká sí i. "Ẹ ní sùúrù, Tíṣà. Mi ò tíì kúrò lójú ewé àkọ́kọ́."

Ìyábọ̀dé fà sẹ́yìn. Ó fẹ́ rojọ́, ó wo ọ̀tún, Bàbá ti tẹ orí ba. Ó wo òsì, Jọọlá àti Olúrẹ̀mí ti tẹ orí ba. Ó ń retí pé ẹnìkan á bi òun ní ọ̀rọ̀ kan tó le, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Ó retí títí wọ́n fi kọjá ibi tí omi ti fẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi í ní nǹkan kan. Ó fi ẹ̀yìn ti ọkọ̀, ó na ẹsẹ̀, ó sì ń gbọ́ bí ètè wọn ṣe ń lọ.